Àbàwọ́n Tó Wọ Ojú Ọmọ Ọ̀gá Báláú

Ohun tí ẹ ń fura sí gan-an ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àpólò dé àdúgbò, tí ojú ń pọ́n láti ilé dé ilé bí ata tó gbó sórí igi, ilé ọkùnrin tó ń pariwo ìmọ́tótó ju gbogbo ayé lọ ni àìsàn ojú tó burú jù lọ balẹ̀ sí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín ṣá o. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín rárá.

Alágbàfọ̀ ni. Ọ̀gá Báláú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bí ó bá ti fa aṣọ yọ nínú omi, yóò gbé e sókè sí oòrùn, yóò ní, "Ẹ wò ó! Funfun báláú!" bí ẹni pé òun ló dá àwọ̀ funfun sáyé. Ìsàlẹ̀ ilé tó ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, tábìlì gígùn tí áyọ́ọ̀nù ti jó létí, aṣọ tó so rọ̀ lókè bí àdán, àti pátákó kan lórí ilẹ̀kùn tí ó kọ̀wé sí pé: KÒ SÍ ÀBÀWỌ́N TÍ KÌ Í LỌ. Òun náà kì í wọ nǹkan tí kì í ṣe funfun. Aṣọ ìnujú funfun kan máa ń wà lápò àyà rẹ̀, tó ti lọ̀ ọ́ títí tí etí rẹ̀ fi gún bí etí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó débẹ̀. Bí eruku bá bà lé gíláàsì, á nù ún. Bí òógùn bá yọ níwájú orí oníbàárà, díẹ̀ ló máa ń kù kó nu ìyẹn náà.

Wọ́n ní kò sí àbàwọ́n tó lè wò tí kò ní pè é lórúkọ. Wọ́n á gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á sì máa ka ẹ̀sùn sí oníṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn: "Tíì nìyí. Ìpẹtà irin nìyí. Èyí, ẹyin ni. Ẹ jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì, àbí ẹ ò jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á jẹ́wọ́. Ọ̀gá Báláú á mi orí bí adájọ́.

Nígbà tí àpólò dé, ó gbé abọ́ omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lè fọwọ́. Ìyẹn dára, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yà sígbó ni pé ó gbà pé bí alápólò bá wo ènìyàn lójú lásán, ó ti kó o ràn án.

"Dúró síbẹ̀!" ló pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kan mọ́ káfíńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. "Má wọlé. Wo ojú ẹ bí iná ẹ̀yìn mọ́tò."

Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá Báláú, aṣọ mi ni mo wá gbà, mi ò wá fẹ́ yín."

"Kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o tó máa sọ̀rọ̀."

"Kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀? Ó dáa. Ògiri, ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá Báláú kó fún mi láṣọ mi. Ẹ sọ fún un pé ìmọ́tótó rẹ̀ yìí máa gbé e dé ọ̀run ṣáájú gbogbo wa."

Ọ̀gá Báláú fi igi ìfàṣọkọ́ na aṣọ náà sí i láti òkèèrè, bí ẹni ń fún ajá olókùnrùn lóúnjẹ.

Lókè ilé, ìyàwó rẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú. Àná ni wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Ọmọbìnrin ni, àkọ́bí, ọmọ tí wọ́n wá títí tí àwọn ẹbí fi dẹ́kun bíbéèrè. Tíṣà ni ìyàwó náà, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ga ju ohun tí kíláàsì nílò lọ. Bó bá ti wo ọmọ, tí ọmọ náà ṣíjú, tó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé, ńṣe ni omi ayọ̀ máa ń yí lójú rẹ̀. "Ó ń wo ìta," ló máa ń wí. "Ọmọ mi ti fẹ́ máa ṣe àyẹ̀wò ilé ayé."

Nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìbímọ tí ìyàwó kò rí. Bí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ti gbé ọmọ kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó rọra fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi oògùn ìpara sí i, ọ̀tún àti òsì. Ó ní, "Ìpara yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tí ọmọ bá pàdé lójú ọ̀nà ìbí rí ojú rẹ̀ bà jẹ́." Bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, Ọ̀gá Báláú rí nǹkan tó ń dán lójú ọmọ rẹ̀ bí òróró. Òróró! Lára ohun tó jẹ́ tirẹ̀! Aṣọ ìnujú funfun jáde. Ó nù ún nù ún, ọ̀tún àti òsì, títí kò fi ku nǹkan kan, ó sì ya fọ́tò. Nínú fọ́tò náà, ojú ọmọ mọ́ kedere. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ló fi ránṣẹ́ sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí káfíńtà wá gba aṣọ, Ìyá Àgbà, ìyá ìyàwó, dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láti wá bójú tó ìyá àti ọmọ. Ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́yìn abọ́ omi, kò gbìyànjú àtiwọlé.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, bàbá ọmọ."

"Ẹ ṣé o, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ojú yín ńkọ́?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ lójú òsì, ó ti bọ́ sí ọ̀tún. Omi ló kàn ń dà, ó sì ń yún mi. Ẹ má mikàn, mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ títí á fi lọ. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo máa wà. Kí n kàn máa bá yín fọṣọ, kí n máa…"

"Fọṣọ? Nílé alágbàfọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín kékeré tí ó fi ń bá oníbàárà tí kò mọ nǹkan sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ilé yìí mọ́. Ẹ padà sílé yín títí ojú yín náà á fi mọ́."

Kì í ṣe pé ó burú kí ẹni tójú rẹ̀ pọ́n jìnnà sí ìkókó. Kò burú. Bó ṣe sọ ọ́ létí oníbàárà méjì ló burú. Ìyá Àgbà gbójú sókè sí fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ tó gbé ọmọ tirẹ̀ dání, ó juwọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

"Ilé yìí mọ́." Ẹ jẹ́ ká dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀.

Nígbà tí oyún ṣì kéré, ìyàwó rẹ̀ ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn ní kó ṣe, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Wọ́n ní kí ọkọ náà wá. "Àyẹ̀wò kí ni?" ni Ọ̀gá Báláú bi í. "Ẹni tó dọ̀tí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ṣé mo jọ ẹni tó dọ̀tí?" Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ nínú funfun. Kò jọ ọ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn alágbàfọ̀ ṣe ìpàdé ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn ẹ̀rọ tuntun. Ọ̀gá Báláú sun òtẹ́ẹ̀lì. Òun nìkan kọ́ ló sun yàrá náà. Ó padà wálé, ó bá ìyàwó rẹ̀ sùn bí ọkọ ti ń ṣe. Kò pẹ́ sí i, ó jí ní òwúrọ̀ kan, ó rí àbàwọ́n níwájú pátá rẹ̀.

Ó gbé e lọ sídìí fèrèsé. Tíì kọ́. Ìpẹtà kọ́. Ẹyin kọ́. Àwọ̀ ìyeyè ni, ó fẹ́ máa dà bí ewé, ó sì gan mọ́ aṣọ. Nígbà tó sì lọ tọ̀, ó ta á bí ata. Ọkùnrin tó ń pe gbogbo àbàwọ́n lórúkọ rí ọ̀kan tí kò fẹ́ pè lórúkọ. Ó gbé e wọ balùwẹ̀, ó fi omi tútù rẹ ẹ́, ó fi ọṣẹ sí i, ó fi bílíìṣì sí i, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ ariwo omi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ikùn rẹ̀ gbẹ̀ndẹ̀.

"Ẹ ṣeun o," ló sọ. "Ẹ ti rí i pé bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọṣọ ń nira fún mi nìyẹn."

"Kò tọ́pẹ́," ni Ọ̀gá Báláú dáhùn.

Lọ́jọ́ náà ó lọ dúró ní kẹ́míìsì, ó ń ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ ìfọnu bí ẹni ń kàwé ìdánwò, títí gbogbo ènìyàn fi lọ tán. Oníkẹ́míìsì fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó lò ó tán, kí ìyàwó rẹ̀ náà sì lọ gba ìtọ́jú. Ó lò ó títí ìtọ̀ kò fi ta á mọ́, ó da ìyókù nù. Kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti tán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: àbàwọ́n tí a ò bá rí mọ́ lára aṣọ, kò sí mọ́ nìyẹn. Ó gbàgbé pé ara ènìyàn kì í ṣe aṣọ, àti pé ara obìnrin lè gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún oṣù gbọọrọ láìrí àmì kankan.

Ó wá kù díẹ̀ kí ìṣirò pé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí Ìyá Àgbà padà lọ, ìyá ọmọ kígbe láti òkè. Nígbà tí Ọ̀gá Báláú sáré débẹ̀, ìpéǹpéjú ọmọ ti wú, ó le, ó ń dán bí èso tó fẹ́ bẹ́. Ìyá gbìyànjú láti fi àtàǹpàkò yà á sọ́tọ̀. Ọyún tú jáde, ó ṣàn dé etí ọmọ.

"Mo sọ ọ́!" ni Ọ̀gá Báláú wí. "Mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́? Ìyá ẹ ti kó àpólò ràn án."

"Ìyá mi ò wọlé."

"Ó wò ó láti ìsàlẹ̀."

Ìyá ọmọ wò ó bí ó ti máa ń wo ọmọ kíláàsì tó dáhùn ìbéèrè tí a kò bi í. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Kí wọ́n lè máa sọ káàkiri pé ojú ọmọ Ọ̀gá Báláú dọ̀tí? Àpólò kì í pẹ́ lọ. Káfíńtà náà ti ń sàn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá oníkẹ́míìsì kan náà.

"Oògùn àpólò," ló sọ.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ojú ni mo ní ó ń dùn ún, mi ò ní ọdún ń dùn ún."

Oníkẹ́míìsì fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, irú èyí tí gbogbo àdúgbò ń rà. Bí wọ́n ti kán an, ọyún tì í jáde. Ọ̀gá Báláú fi aṣọ funfun nù ún. Ó tún sun. Ó nù ún. Ó tún sun, lójú rẹ̀ níbẹ̀, bí ìsun omi. Aṣọ ìnujú tí ó kó wá látinú ṣọ́ọ̀bù kún inú bàsíà, gbogbo wọn ló ní àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ máa dà bí ewé. Ó wo bàsíà náà pẹ́ díẹ̀. Ohun kan fẹ́ rántí ara rẹ̀ fún un. Ó da omi gbígbóná lé e lórí.

Aládùúgbò kan ní kí wọ́n fún ọmú sí i lójú. Wọ́n fún un. Òmíràn ní omi iyọ̀. Wọ́n se é. Ìyá Àgbà pè lórí fóònù.

"Kí ló ń jáde lójú ọmọ?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Ọyún ni, Mọ́mì. Ó pọ̀."

"Omi ló ń jáde lójú tèmi. Omi lásán. Ẹ ẹ̀ ṣe gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gá Báláú na ọwọ́ gba fóònù. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá."

Ọmọ náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà kò sunkún mọ́, ìyẹn ló sì ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù ju ẹkún lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rọra la ojú ọ̀tún ọmọ wò. Dúdú ojú tó ti ń wo fèrèsé tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti ṣú, ó dà bí omi tí wọ́n ti fọṣọ nínú rẹ̀. Ó fi aṣọ wé ọmọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ọ̀gá Báláú ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù kóòtù ẹni pàtàkì kan, ẹni pàtàkì náà sì wà níbẹ̀.

"Bo ojú ọmọ," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Oníbàárà wà níbí."

Ìyá ọmọ ò dúró. Káfíńtà, tí ojú rẹ̀ kò pọ́n tó tẹ́lẹ̀ mọ́, rí i lójú títì, ó ju ayùn sílẹ̀, ó sáré lọ dá ọkọ̀ dúró fún un. Ọ̀gá Báláú lọ ẹ̀wù náà tán kó tó tẹ̀ lé wọn. Ó dá a lójú pé ó yẹ kí apá òsì gún bí apá ọ̀tún.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn ojú, wọ́n ti gba ọmọ wọlé fún ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan ń fi omi iyọ̀ tí wọ́n pèsè síbẹ̀ ṣan ojú rẹ̀, ó ń ṣan án, kò sinmi. Wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà, tí ọmọ rẹ̀ ti pè lórí fóònù, jókòó síta, ní ìkangun bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti gbogbo ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Ọ̀gá Báláú gba iwájú rẹ̀ kọjá láìkí i, ó wọ yàrá dókítà. Dókítà náà jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tó ń fọwọ́ ní bàsíà ara ògiri, tó sì fọ̀ ọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá Báláú fi bọ̀wọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí àga.

"Dókítà, àpólò ni," ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ tó kan àga. "Mo mọ ẹni tó kó o ràn án. Ìyá tó jókòó síta yẹn ni."

"Ẹ rọra, bàbá ọmọ. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Alágbàfọ̀ ni mí, mà."

"Ṣé oògùn kan náà lẹ fi ń yọ gbogbo àbàwọ́n?"

"Rárá o!" Ojú rẹ̀ tàn. "Tí ẹ bá da omi gbígbóná sí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, ẹ ti sè é mọ́ aṣọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú pípọ́n. Èyí tó ń ṣe ìyá yín níta, fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Ojú á pọ́n, á máa yún, omi á máa dà, ó sì sábà máa ń ti ojú kan bọ́ sí èkejì. Kì í ṣe wíwò ni wọ́n fi ń kó o. Ọwọ́ ni, àti táwẹ́ẹ̀lì, àti ìrọ̀rí. Oògùn tí gbogbo àdúgbò ń rà yẹn kì í pa á. Ara fúnra rẹ̀ ló máa lé e lọ, ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kí ẹni náà máa fọwọ́, kó máa fi aṣọ mímọ́ tó tutù lé ojú, kó má bá ẹnikẹ́ni pín táwẹ́ẹ̀lì, kó má fọwọ́ ra ojú, kó sì jókòó sílé."

"Káfíńtà wa náà nìyẹn," ni ìyá ọmọ sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Òmíràn wà tó jẹ́ pé bakitéríà ló ń fà á. Ìyẹn kì í ṣe omi. Ipin tó nípọn ló máa ń yọ, ìpéǹpéjú á lẹ̀ mọ́ra láàárọ̀ títí wọ́n á fi omi tú u. A máa ń fún wọn ní oògùn tí wọ́n á kán sí i tàbí ìpara, wọ́n á sì lò ó tán, kì í ṣe kí wọ́n dá a dúró nítorí pé ojú ti funfun."

Ọ̀gá Báláú mi orí. Ọ̀rọ̀ "lò ó tán" gba etí rẹ̀ kọjá, ó fẹ́ dúró, kò jẹ́ kó dúró.

"Bí ojú bá wá ń ro ènìyàn gan-an," ni dókítà ń bá lọ, "tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, tí ó ń ríran bàìbàì, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì. Ọjọ́ náà gan-an ni kó wá. Ọmọ tuntun kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró de ìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, tí ojú rẹ̀ wú, tí ọyún ń jáde, a kì í pè é ní àpólò. Pàjáwìrì ni. Kòkòrò tó ń ṣe é lè jẹ dígí ojú, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, kó lu, láàárín ọjọ́ kan péré."

"Ẹ ẹ̀ tíì sọ bí ìyá ìyàwó mi ṣe kó o ràn án," ni Ọ̀gá Báláú wí.

Dókítà nu ọwọ́ rẹ̀. "Màmá yín kọ́. A ti wo ọyún náà lábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń wo kòkòrò. Àtọ̀sí ni."

Lóde, wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú abọ́.

"Àtọ̀sí? Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀ sí ẹsẹ̀?"

"Lójú ọ̀nà ìbí ló ti kó o, lára ìyá rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ìpara sójú ọmọ ní kété tí wọ́n bá bí i. Ṣé wọ́n fi sí tirẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn fi sí i," ni ìyàwó dáhùn. Ọ̀gá Báláú wo orí bàtà rẹ̀ funfun.

"Èmi ńkọ́, dókítà?" Ohùn ìyàwó kò ga. "Àyẹ̀wò tí mo ṣe níbẹ̀rẹ̀ oyún, wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára mi. Níbo ni mo wá ti kó o?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gba ìtọ́jú lónìí, torí bí ẹnì kan bá gbà á tí èkejì kò gbà á, ẹ máa dá a padà fún ara yín ni. Ìbéèrè yẹn, ìyá ọmọ, èmi kọ́ ló yẹ kó dáhùn."

"Àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òde," ni Ọ̀gá Báláú bẹ̀rẹ̀, "àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń…"

"Kì í gba ibẹ̀, bàbá ọmọ."

Ọwọ́ rẹ̀ wá aṣọ ìnujú lápò àyà. Kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú bàsíà nílé. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́ rí.

"Pátá tí o fọwọ́ ara rẹ fọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ló sọ. "Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó jáde lọ jókòó ti ìyá rẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ojú ọ̀tún ọmọ ti lu kí wọ́n tó gbé e dé. Egbò rẹ̀ jinná, ẹyinjú náà sì súnkì wọlé. Òsì ni wọ́n rí gbà díẹ̀. Dókítà sọ fún wọn láìfi epo bọ iyọ̀ pé bó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ tí ọyún kọ́kọ́ yọ ni wọ́n gbé e wá, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ àti omi iyọ̀ gba ojú méjèèjì là. Ìyá ọmọ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, Ọ̀gá Báláú gba tirẹ̀. Wọ́n ní kó wá ẹni tó bá a sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kàn, kí onítọ̀hún náà lè lọ gba ìtọ́jú. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀, ilé Ìyá Àgbà ni ìyàwó gbé e lọ. Ojú Ìyá Àgbà ti funfun nígbà náà. Omi tútù àti aṣọ mímọ́ nìkan ló fi wò ó.

Káfíńtà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí Ọ̀gá Báláú mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ìwà Ọ̀gá Báláú burú kí ẹ sì pa ìwé dé. Àwọn tó ń kán ìtọ̀ tàbí omi ewé sójú pọ̀ ju Ọ̀gá Báláú kan lọ. Bí àpólò bá mú yín, ẹ fọwọ́, ẹ ya táwẹ́ẹ̀lì yín sọ́tọ̀, ẹ dúró sílé, ẹ má kán oògùn tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn. Bí ọmọ tuntun bá sun ọyún lójú, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la, ẹ má sì bi aládùúgbò. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí fi ìpara sí ojú ọmọ yín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bó ti wà. Ẹ̀yin ọkọ, bí ilé ìwòsàn aboyún bá ránṣẹ́ pè yín, ẹ lọ. Bí ara yín bá sì ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, ẹ gba ìtọ́jú, ẹ lò ó tán, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọmọ kò ní fi gbogbo ayé rẹ̀ san án.

Pátákó náà ṣì wà lórí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń gbà kí Ọ̀gá Báláú lọ wo ọmọ rẹ̀ nílé Ìyá Àgbà. Á gbé e lọ sídìí fèrèsé, bó ti máa ń gbé aṣọ, á yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ọmọ náà kì í wo ìta mọ́. Àpá kan wà láàárín ojú òsì rẹ̀, níbi tó yẹ kó dúdú.

Funfun báláú ni.